Ọkàn Mi, Pọ́ǹpù Kékeré àti Bútà Àlùwàlá

Irin ìtẹsẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára àkàbà táǹkì omi tí mo ń tọ́jú ní Òṣogbo. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń gùn ún láràárọ̀ láti lọ wo ibi tí omi ga dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní ọdún kejì lẹ́yìn tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún títì, mo gun mẹ́sàn-án, mo sì dúró. Kò síbi tó ń dùn mí. Èémí ló tán. Mo di irin mú, mò ń wo òrùlé páànù àwọn ará Òkè-Baálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mò ń retí kí èémí padà wá, ó sì pẹ́ kó tó wá.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ iye tí mo rò pé omi á jẹ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa nínú àìsàn yìí nìyẹn, òun kọ́ ló sì kẹ́yìn. Mo ń kọ ìtàn yìí fún ẹni tí irú rẹ̀ bá máa ṣe, kó lè rí nǹkan mú nínú ohun tí mo ṣe, àti èyí tó dáa àti èyí tó jẹ́ ti òmùgọ̀.

Ibà kan ti ṣe mí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, tòun ti ikọ́ àti ara ríro. Mo lo oògùn, ó lọ, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ni mo bá ka èémí tó ń tán yìí sí àṣẹ́kù ibà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ mi kò wọ bàtà mọ́. Ó ti wú láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè dìde, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ tútù. Nítorí pé kò dùn mí, mo fojú di í. Èmi tí mò ń fi omi ṣiṣẹ́ jẹun kò mọ̀ pé omi ló wà níbẹ̀.

Ìrun kíkí ló tú àṣírí mi. Bí mo bá ti foríkanlẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnìkan gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé mi láyà. Mo wá ń ṣe é kíákíá, kí n lè tètè gbórí sókè. Ràfátù, ìyàwó mi, tó máa ń kírun lẹ́yìn mi, ṣọ́ mi fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé irú ìrun wo ni mò ń kí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Mo ní ara mi ni kò yá. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó sì lọ pe ìyá mi.

Ìyá mi ń gbé ní agboolé bàbá mi ní Òkè-Baálẹ̀, ọṣẹ dúdú ló ń tà. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n bó bá ti pinnu, ó pinnu nìyẹn. Ó kọ́kọ́ se àgbo. Mo mu ún, ikùn mi tún wá kún sí i. Àwọn aládùúgbò ní iṣẹ́ ayé ni. N kò bá wọn jiyàn, nítorí n kò ní èémí tí mo fẹ́ fi jiyàn. Nígbà tó di pé n kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, tó jẹ́ pé orí àga ni mo ti ń sùn, tí ikọ́ sì ń mú itọ́ tó ń hó bí ọṣẹ jáde, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí. Ọkùnrin tó wò mí níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ lílù ọkàn lé mi láyà, kò sì pẹ́ rárá tó fi gbé e kúrò. Ó kọ lẹ́tà, ó ní Iléṣà ni kí wọ́n máa gbé mi lọ, kí wọ́n má ṣe dúró níbì kankan lọ́nà.

Bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí láti dúró de dókítà nílé ìwòsàn tí a lọ ní Iléṣà kò ní ẹ̀yìn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ wà fún. Ràfátù jókòó, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ẹ̀yìn mi kí n lè rí nǹkan fara tì, bẹ́ẹ̀ la sì wà títí wọ́n fi ka orúkọ mi. N kò rí ojú rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo gbìyànjú láti máa mí bíi tirẹ̀, n kò lè ṣe é.

Dókítà tó gbà mí jẹ́ ọmọ Ìbòkun, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti òkè òkun dé ní ọdún tó ṣáájú. Wọ́n ya fọ́tò inú àyà mi. Wọ́n so wáyà mọ́ mi lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ kan sì ń ya bí ọkàn mi ṣe ń lù sórí bébà gígùn kan. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní pọ́ǹpù omi ni mò ń tọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní iṣẹ́ òun àti tèmi kò jìnnà síra.

Báyìí ló ṣe là á yé mi. Ọkàn tí a ń wí yìí, èyí tó ń lù láyà, ẹran ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù ẹni lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara láìsinmi. Kòkòrò àìfojúrí tó fa ibà mi ti wọ inú ẹran náà, ó sì ti sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Bí apá òsì ọkàn kò bá lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ síwájú, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sẹ́yìn, omi á máa jò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí. Bí ó bá rẹ apá ọ̀tún náà, omi á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn kùnà. Èmi kò fẹ́ràn orúkọ náà. Àárẹ̀ ọkàn ni mo ń pè é, nítorí ọkàn náà kò dúró, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dúró kì í jókòó sọ ìtàn.

Mo bi í bóyá màá yè. Kò fi oyin sí i fún mi. Ó ní nínú àwọn tí irú èyí ń ṣe, ọkàn ẹlòmíràn máa ń padà sípò pátápátá, ti ẹlòmíràn á padà dé ìdajì, ti ẹlòmíràn kò sì ní padà. Òun kò lè sọ èyí tí tèmi á jẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa fi hàn. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nígbà náà, èyí àbíkẹ́yìn kò tíì rìn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Àwọn kan máa ń sọ pé ọkùnrin kì í bẹ̀rù. Kí wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ná.

Ìtọ́jú náà kò ṣòro láti kà. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń mú mi tọ̀ bí ẹ̀rọ omi tí ẹnìkan gbàgbé láti tì. Hóró oògùn kékeré kan wà tí dókítà ní ara ewé òdòdó òkè òkun kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó máa ń jẹ́ kí ọkàn lù ṣinṣin, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń pani kò jìnnà síra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ka lílù ọkàn mi kí wọ́n tó fún mi. Oúnjẹ mi kò ní iyọ̀. N kò gbọ́dọ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Omi tí mo lè mu lójúmọ́ kò ju kọ́ọ̀pù mẹ́ta lọ. Nọ́ọ̀sì ń kọ gbogbo omi tó wọlé àti gbogbo ìtọ̀ tó jáde sínú ìwé kan tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń gbé mi sórí ìwọ̀n.

Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ara mi fúyẹ́. Mo tẹ ẹsẹ̀ mi wò, kò jìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn yìí ti gba ọ̀nà tààrà lọ sílé.

Òùngbẹ ló dé. Ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀ lè rò pé òùngbẹ ààwẹ̀ ni. Ti ààwẹ̀ ní ìgbà tó máa tán, èyí kò ní. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ẹ̀rọ omi kan ń kán ní ìta wọ́ọ̀dù, mo máa ń dùbúlẹ̀ ka ẹ̀kán rẹ̀, inú á sì máa bí mi pé wọn kò tì í dáadáa.

Ṣùgbọ́n òùngbẹ nìkan kọ́ ló sún mi ṣe ohun tí mo ṣe. Iṣẹ́ mi ni. Níbi iṣẹ́ wa, pọ́ǹpù kì í fa omi bí inú rẹ̀ bá gbẹ. Kí a tó tan án, a ó kọ́kọ́ bu omi sí i títí á fi kún. Fífún un lómi mu là ń pè é. Bí èèyàn bá tan pọ́ǹpù gbígbẹ, á máa yí lásán, á gbóná, inú rẹ̀ á jó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gbá mi létí nítorí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi. Nígbà tí dókítà wá sọ pé pọ́ǹpù ni ọkàn, tó sì tún ní kí n má mu omi, mo dùbúlẹ̀, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní ọ̀mọ̀wé yìí kò tíì fọwọ́ kan pọ́ǹpù rí láyé rẹ̀. Ó fẹ́ jó pọ́ǹpù mi.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Kò tíì padà sí Òṣogbo láti ìgbà tí wọ́n ti gbà mí. Ó wọ̀ sílé ojúlùmọ̀ kan ní Iléṣà tó máa ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń wá wò mí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó bi mí lẹ́ẹ̀kan péré bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń ṣe é.

“Omi náà ni, Àkànní,” ni ó wí. “Omi kò lọ́tàá.”

Ọmọ rẹ̀ tó mọ pọ́ǹpù ló sọ ọ́. Kí ló fẹ́ jiyàn sí?

Bútà àlùwàlá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìwòsàn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Wọ́n fún mi ní abọ́ kan tí mo máa ń gbé sábẹ́ ọwọ́, kí n lè máa ṣe àlùwàlá lórí ìjókòó. Omi bútà kò sí nínú ìwé wọn, nítorí omi tí a fi ń fọ ọwọ́ àti ojú kì í ṣe omi tí a ń mu. Ìyá mi ń pọn ọ́n kún, mò ń fi díẹ̀ ra ọwọ́ àti ojú, mo sì ń mu èyí tó kù. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́. N kò tíì rí mùsùlùmí tó tẹra mọ́ àlùwàlá tó mi ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹsẹ̀ mi tún wú, ìrọ̀rí méjì tí mo ń gbórí lé di mẹ́rin. Dókítà fi abẹ́rẹ́ kún abẹ́rẹ́, ó ń mi orí. Èmi wá sọ fún ara mi pé pọ́ǹpù náà ló ti gbẹ jù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bomi sí i, ni mo bá fi kún omi tí mò ń mu.

Àgbẹ̀ kókó kan láti ẹ̀yìn Ìbòkun ló wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kàn mí. Bàbá Ìbòkun ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Àárẹ̀ ọkàn ló ń ṣe òun náà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fa tirẹ̀. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ará Òṣogbo kò gbọ́ Yorùbá, pé ulé ni Ọlọ́run pe ilé, àwa la bà á jẹ́. Gbogbo òfin dókítà ló ń pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rí mi níbi tí mo ti ń mu omi bútà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, tí nọ́ọ̀sì wà lápá kejì wọ́ọ̀dù, ó yíjú sí mi.

“Ọmọ Òṣogbo,” ni ó wí, “bùn mí díẹ̀ níbẹ̀.”

Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo na bútà sí i, ó pa ojú dé, ó ń mu ún. Mo fún un lọ́jọ́ kejì náà àti lọ́jọ́ kẹta. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo rí ẹni ṣe lóore.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Bàbá Ìbòkun kò lè sọ̀rọ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ti dúdú bí èyí tí wọ́n fi tàdáwà kùn. Wọ́n ta aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Mò ń gbọ́ ohùn dókítà, mò ń gbọ́ èémí Bàbá tó ń hó bí ìkòkò tó wà lórí iná. Gbogbo ìgbà tí ó bá dáwọ́ dúró díẹ̀, èmi náà á dáwọ́ èémí dúró, màá máa retí èyí tó kàn. Ó tó wákàtí kan kí ohùn náà tó rọlẹ̀.

Dókítà jáde síta, ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, ohun tí kì í ṣe. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi kún oògùn ewé náà fún èmi àti Bàbá. Ewu wà níbẹ̀, òun mọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ìwọ̀n tí òun ń lò kò ran ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó wá ṣí ìwé mi.

“Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ omi,” ni ó wí. “Èyí tó wọlé kò pọ̀, èyí tó jáde pọ̀, síbẹ̀ táǹkì ń kún. Kí lẹ máa ń pe ìyẹn lọ́dọ̀ yín?”

Mo mọ ohun tí à ń pè é. Ohun kan ṣoṣo ló lè jẹ́: omi ń gba ibì kan wọlé tí kò sí nínú ìwé. Mo wo ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ìyá mi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn kún. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè lé e jáde bí ẹni tó fẹ́ fi májèlé pa ọmọ rẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, dókítà á gbé oògùn tó lè pa èèyàn méjì ka orí irọ́ mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi kò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

“Dókítà, mo ti ń fún un lómi mu,” ni mo wí. “Pọ́ǹpù náà. Mo sì fún Bàbá.”

Kò tètè yé e. Mo nawọ́ sí bútà.

“Èmi ni mò ń pọn ọ́n,” ni ìyá mi wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ má bá a wí.”

Ojú tì mí. Láti ìgbà tí mo ti di ọkùnrin, n kò rántí ọjọ́ mìíràn tí ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà kò pariwo. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fífún pọ́ǹpù lómi mu, mo sì ṣàlàyé. Ó ní ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, àfi ohun kan. Pọ́ǹpù inú àyà kì í gbẹ. Ìgbàkígbà ló ń kún, àkúnjù gan-an ló ń pa tèmi. Ẹran rẹ̀ ti fẹ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n fà jù, kò lágbára láti súnkì padà.

Ó bi mí pé kí là ń ṣe ní ibi iṣẹ́ bí pọ́ǹpù ńlá bá bàjẹ́. Mo ní a ní pọ́ǹpù kékeré kan. Kò lè bọ́ gbogbo ìlú, àwọn èèyàn á máa bú wa pé omi kò dé dáadáa, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ìlú gbẹ títí a ó fi tún ti ńlá ṣe. Ó ní níbi tí òun ti kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ fún ọkàn, òun sì fojú ara òun rí i lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á ti okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà ní itan, títí dé inú òpó ńlá tó ti ọkàn jáde. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní orí okùn náà, bí èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bí ọkàn bá ń sinmi láàárín lílù kan sí èkejì, rọ́bà náà á fẹ̀, á ti ẹ̀jẹ̀ síwájú. Bí ọkàn bá fẹ́ lù, rọ́bà á súnkì, á fi àyè sílẹ̀ kí ẹrù ọkàn lè fúyẹ́. Ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń darí rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ló wà fún. Bí ọkàn bá ti gbádùn, wọ́n á fà á yọ. Bí kò bá sì gbádùn, ẹ̀rọ náà kò lè gba ipò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí òun rí gbádùn, èkejì kò gbádùn. Òun kò tíì gbọ́ pé ó wà níbì kankan nílẹ̀ wa.

“Tí ẹ kò bá ní pọ́ǹpù kékeré ńkọ́?” ni ó bi mí.

Mo ní a ó ti fáàfù tó ń dá omi dúró nínú páìpù. Omi á lọ sí Òkè-Baálẹ̀ lónìí, á lọ sí àdúgbò mìíràn lọ́la, kí pọ́ǹpù tí ara rẹ̀ kò yá má baà ru gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ohun tí bẹ́ẹ̀dì yìí ń ṣe fún yín nìyẹn,” ni ó wí. “Òun nìkan la ní.”

Ó dìde, ó lọ bá ìyá mi, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú,” ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba bútà náà. Ó gbé e sórí fèrèsé, níbi tí ọwọ́ mi kò lè tó.

Ìyá mi yíjú padà, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì kò wá. Mo rò pé ìtìjú ni. Lọ́jọ́ kẹta ló dé láti Òṣogbo pẹ̀lú òkúta pẹlẹbẹ kan tó fi ìborùn wé. Ẹ̀sìn wa fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn tí omi kò bá lára mu: á fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tó mọ́ tàbí òkúta, á fi ra ojú àti ọwọ́ dípò àlùwàlá. Táyámọ̀mù là ń pè é. Láti ilé kéwú ni mo ti mọ̀ ọ́n. N kò rántí rẹ̀ nítorí pé n kò fẹ́ rántí rẹ̀.

“Èyí tí bàbá rẹ lò nìyí,” ni ìyá mi wí. “Máa lò ó títí omi á fi bá ọ rẹ́ padà.”

Ràfátù ní tirẹ̀ kò fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. “Ẹ fẹ́ kú kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé ẹ mọṣẹ́, Bàbá Múnírù,” ni ó wí. Ó tún gbé abọ́ náà, ó sì ń fi ṣíbí fún mi ní ẹ̀wà aláìníyọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáàfù. Bí mo bá dùbúlẹ̀, màá sọ fún ẹsẹ̀ pé kò sí omi fún un lónìí, màá sọ fún apá bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kéèyàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kò tíì ṣe é rí. Ẹ̀yìn ń ro mí, ìdí ń ta mí, oúnjẹ àtẹ́ sú mi. Kọ́ọ̀pù mẹ́ta ni mo pín mu ní díẹ̀díẹ̀, mo máa ń fi àkọ́kọ́ ra ètè kí n tó gbé e mì. Ìwọ̀n dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ìrọ̀rí di mẹ́ta, ó di méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo rí i pé orí ìrọ̀rí kan ṣoṣo ni mo ti sùn, n kò sì mọ ìgbà tí mo yọ èkejì.

Bàbá Ìbòkun ló kọ́kọ́ lọ. Ó dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. “Ulé ni mò ń lọ o, ọmọ Òṣogbo,” ni ó wí. “Má fún ẹnì kankan lómi mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nílé rẹ̀. Mo bi dókítà bóyá omi mi lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ó ní rárá, pé ọkàn Bàbá ti gbó tipẹ́. Lọ́pọ̀ ọjọ́, mo gbà á gbọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ bútà, wọ́n tún ya fọ́tò àyà mi. Dókítà gbé ti àkọ́kọ́ àti tuntun sójú fèrèsé pọ̀, ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá. Ti àkọ́kọ́, ọkàn mi fẹ̀ kún àyà bí àpò tí wọ́n da ẹrù sí. Nínú tuntun, ó ti súnkì padà, kò kéré tó ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti súnkì. Dókítà ń fi ìka tọ etí ọkàn náà yíká nínú fọ́tò. Mo sunkún, n kò sì bo ojú.

Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Tàjù, ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́, ti ń gun àkàbà fún èmi àti òun, kò sì sọ ọ́ létí mi rí. Iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n fún mi. Mo wá lọ wo pọ́ǹpù kékeré wa lábẹ́ tapólì. Aláǹtakùn ti ta sí i, ẹnikẹ́ni kò tàn án láti ìgbà tí pọ́ǹpù ńlá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo nu ún, mo fi gíríìsì sí i, àràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo sì ń tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó má baà dípẹtà. Mo máa ń fún un lómi mu kí n tó tan án. Òun kì í ṣe ẹran.

Oògùn ewé náà ni mo lò fún ọdún kan ààbọ̀ kí dókítà tó dá a dúró. Iyọ̀ mi kò tíì pọ̀ títí di òní. Ìyá mi padà gba òkúta rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kàn. Ẹni tí àárẹ̀ ọkàn bá mú, mo bẹ̀ ẹ́, kó má fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wo ara rẹ̀ sàn, kó sì má fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ara kì í ṣe irin. Irin kò mọ̀ pé ó rẹ òun, ara mọ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ fúnni ní ẹsẹ̀, ní èémí, ní ìforíkanlẹ̀. Bí mo bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ìyàwó mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn pẹ̀lú. Wọn kò ní ẹ̀rọ tó lè bá ọkàn mi ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn ló bá a ṣe é.

Nígbà tí dókítà ní mo lè gun àkàbà, mo dúró ní irin kẹsàn-án. Kì í ṣe pé èémí tán. Mo kan fẹ́ dúró níbẹ̀ ni. Mo wo òrùlé Òkè-Baálẹ̀, mo ka lílù ọkàn mi, mo sì gun méjìlélógún tó kù díẹ̀díẹ̀. Mo wo omi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kọ iye tí mo rí. Mo wá lọ mú ìwé àtijọ́ wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣí i sí ọjọ́ Ajé yẹn. Iye tí mo pa nírọ́ ṣì wà níbẹ̀, tòun ti àmì ọwọ́ mi. Mo fagi lé e, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: n kò dé òkè lọ́jọ́ yìí.